Ẹni Tó Ń Bu Ọtí fún Bàbá

Mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, ó ṣì ń gé irun, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tèmi. Obìnrin tó fojú rí i náà wà láàyè. Ẹ lè bi wọ́n. Wọ́n á sọ bó ṣe rí fún yín. Ohun tí wọn ò ní lè sọ ni ìdí rẹ̀, torí pé àwọn náà kò mọ̀ ọ́n.

Onígbàjámọ̀ ni ọkùnrin náà. Jẹ́jẹ́ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, torí pé bó bá ń fá irùngbọ̀n ènìyàn, onítọ̀hún lè sùn lọ lórí àga kó má mọ̀ pé abẹ wà lọ́rùn òun. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ilé náà, pẹ̀lú Bàbá.

Bàbá yìí kọ́ ló bí i. Oníbúrẹ́dì ni Bàbá nígbà tí ara ṣì le. Jẹ́jẹ́ wà ní kékeré nígbà náà, kò ní ẹnì kankan láyé, ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì ló sì máa ń sùn sí, níbi tí ògiri ti máa ń gbóná nítorí ààrò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Bàbá ṣílẹ̀kùn, ó rí i níbẹ̀, ó wò ó títí.

“Inú ilé gbóná ju ìta lọ,” ni Bàbá wí.

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ wọlé, ó sì di ará ilé. Bàbá ló rán an níléèwé. Bàbá ló fi í sẹ́nu iṣẹ́. Títí dòní, bí Jẹ́jẹ́ bá ń sọ ìtàn náà, gbólóhùn yẹn ló máa ń sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá náà ló kọ́ ọ ní bíà pípọn. Ẹni tó ti fi ìwúkàrà ṣe búrẹ́dì láti ìgbà èwe, kò ṣòro fún un láti fi ṣe ọtí. Wọ́n á rẹ ọkà sómi títí á fi hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sínú ike ńlá kan pẹ̀lú ìwúkàrà, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnu ara wọn nìkan ni wọ́n ń pọn ọ́n fún. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á jọ pín ìgò kan mu, Bàbá á sì máa ṣàlàyé ohun tó kù kí ọtí náà ní, bí ẹni pé ó ń ṣe ìdájọ́.

Àmọ́ ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ náà kọṣẹ́. Ó di pé kò lè dìde lórí àga bí ẹnì kan kò bá gbé e lápá, kò sì lè rìn láìdi ògiri mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí tọkọtaya ti lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí òun ṣí ìgò bíà fúnra òun. Ìgò bọ́. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dé, Bàbá ti fi aṣọ di ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ti àfọ́kù ìgò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

“Ẹ bá ti dúró dè mí, Bàbá.”

“Ó ti sú mi láti máa dúró de ènìyàn.”

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò béèrè fún ọtí mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jẹ́jẹ́ lára. Ló bá gbìmọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun máa ṣe fíríìjì kan fún Bàbá tí bíà á máa tú jáde lára rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Kò ní sí ìgò, kò ní sí ìdérí, kò ní sí ẹni tí Bàbá máa bẹ̀.

Ó wá fíríìjì àlòkù kan rà, èyí tí kò ga ju àyà lọ. Ó tú gbogbo pẹpẹ inú rẹ̀ kúrò. Ó gbé àgbá irin tí ọtí máa wà nínú rẹ̀ sínú ibẹ̀, ó sì gbé sìlíńdà gáàsì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. Gáàsì yìí kì í ṣe ti ìdáná. Òun ló ń ti ọtí jáde nínú àgbá, òun náà ló ń jẹ́ kó hó. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, àmọ́ bó bá jò sínú yàrá tí kò ní atẹ́gùn, ilẹ̀ ló máa ń kó jọ sí, ó sì lè sé èémí mọ́ ènìyàn nínú. Onígáàsì tó rọ ọ́ kún kìlọ̀ fún un.

“Ẹ máa ṣí fèrèsé o.”

Jẹ́jẹ́ gbọ́. Àmọ́ ọ̀dà ti lẹ fèrèsé yàrá Bàbá pa láti ọdún tí wọ́n ti kun ilé, Bàbá sì kórìíra òtútù. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tó fẹ́ lu ihò ẹnu ẹ̀rọ, Bàbá jókòó tì í. Ilẹ̀kùn ni Jẹ́jẹ́ fẹ́ lu. Kò gbọdọ̀ lu ara fíríìjì fúnra rẹ̀, torí inú ibẹ̀ ni àwọn páìpù tín-ínrín tó ń gbé òtútù kiri wà. Ẹni tó bá lu ọ̀kan, fíríìjì rẹ̀ ti di kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn.

“Ṣé kò ní bú gbàmù?” ni Bàbá bi í.

“Kò ní bú, Bàbá.”

“Torí mo ti dàgbà ju ẹni tó ń fò lọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ lu ilẹ̀kùn. Nígbà tí irin yọ sí òdì kejì, èémí kan tinú ihò náà jáde, ó fẹ́ sí i lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Fíríìjì kò sí lórí iná. Èémí náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rọra wá, ó rọra tán, bíi ti ẹni tó ń sùn.

Jẹ́jẹ́ fi ìka dí ihò náà. Ó tún yọ ọ́. Kò sí nǹkan kan mọ́. Ó ní ooru irin ni.

Ó fi rọ́bà so àgbá mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó sì gbé ẹnu ẹ̀rọ náà sísàlẹ̀, ibi tí ọwọ́ Bàbá máa dé lórí àga. Ẹ̀yìn ọwọ́ lásán ni èèyàn á fi tì í. Ó kan pẹpẹ kékeré sábẹ́ rẹ̀ kí ife lè dá dúró, ó wá ife tó ní ọwọ́ méjì. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sí yàrá Bàbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìfófò lásán ló kọ́kọ́ jáde. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ní ṣé ọṣẹ ni wọ́n pọn ni. Jẹ́jẹ́ dín agbára gáàsì kù. Bàbá na ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti irin. Bíà dà sínú ife, ó mọ́ bí oyin, ìfófò díẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ó mu ún. Ó gbé ife padà sórí pẹpẹ.

“O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi,” ni ó wí. “Mo ti tún di onílé.”

 Jẹ́jẹ́ bọ́ sẹ́yìn ilé, ó lọ nu ojú rẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí Jẹ́jẹ́ ṣe wọlé láti ṣọ́ọ̀bù, Bàbá ní, “O ṣeun tọ̀sán yìí o.”

“Kí ni mo ṣe lọ́sàn-án?”

“Ọtí tí o bù fún mi.”

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ bù ú fúnra yín. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà.”

Bàbá wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó ń ṣeré àwádà. “Ó dáa,” ni ó wí.

Ní ilé ìdáná, ìyàwó rẹ̀ ní kó má dààmú, pé ọjọ́ orí ni. Jẹ́jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ jáde, ló bá dúró.

“Ìwọ lo fọ ife Bàbá?”

“Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.”

Wọ́n lọ sí yàrá Bàbá, ife náà wà lórí fíríìjì. Ẹnì kan ti fọ̀ ọ́, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí aṣọ mímọ́. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ilé ìdáná ni omi wà, Bàbá kò sì lè débẹ̀. Tọkọtaya wo ara wọn. 

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ ti ilẹ̀kùn ìta pa, ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó dé nírọ̀lẹ́. Ife ti wà ní fífọ̀.

“Ọwọ́ rẹ tutù lónìí,” ni Bàbá wí. “Ṣé kò rẹ̀ ọ́?”

 Jẹ́jẹ́ jókòó létí bẹ́ẹ̀dì.

“Bàbá, ẹni tó ń wá yìí, báwo ló ṣe rí?”

“Ṣé o kì í wo dígí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ni?”

“Ẹ dákun, Bàbá.”

“Ìwọ ni. Aṣọ iṣẹ́ rẹ, irun tó lẹ̀ mọ́ ọ lápá. Kàkà kó sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ló sú ọ.”

Jẹ́jẹ́ kò lè sùn dáadáa. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó kí Bàbá pé ó dàbọ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí i, ó sì tún tì í pa gbàmù, àmọ́ inú ilé ló dúró sí. Ó bọ́ bàtà. Ó jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá Bàbá. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni Jẹ́jẹ́ wà. Kò sí ẹni tó lè wọlé kó má kọjá lójú rẹ̀.

Oòrùn ń ràn níta. Àdúgbò pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn ògiri, fíríìjì ń kùn. Ó ń kùn, ó ń kùn.

Ó dákẹ́.

Jẹ́jẹ́ gbọ́ ìró irin ẹnu ẹ̀rọ. Kẹ́. Ó gbọ́ bí ọtí ṣe ń dà sínú ife, tó ń ga sí i, tó ń ga sí i. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ méjì lórí sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ ẹni tó wọ bàtà. Bàtà Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

“O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi,” ni Bàbá wí lẹ́yìn ògiri.

Jẹ́jẹ́ fò dìde, ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Bàbá nìkan ló wà níbẹ̀. Ife kún fọ́fọ́ lórí pẹpẹ, ìfófò rẹ̀ kò tí ì rọlẹ̀. Bàbá gbójú sókè sí i.

“Kí lo gbàgbé?”

“Bàbá…”

“Bí o ṣe ń jáde lo tún ń wọlé.”

 Jẹ́jẹ́ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn fíríìjì. Ó ṣí fíríìjì: àgbá, sìlíńdà, rọ́bà. Òtútù fẹ́ sí i lójú. Bẹ́ẹ̀ ni fíríìjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ó gbé sípánà, ó fẹ́ tú gbogbo rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà di apá rẹ̀ mú.

“Má tú u. Mo bẹ̀ ọ́.”

Kò bẹ̀ ẹ́ rí láyé. Jẹ́jẹ́ gbé sípánà sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó ro ẹjọ́ fún ìyàwó rẹ̀. 

“Ṣé ó ti ṣe Bàbá níbi?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Rárá.”

“Ó ń fọ ife.”

“Ó ń fọ ife.”

“Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún irú ẹ̀, olówó orí mi. Fi í sílẹ̀ ná.”

Wọ́n fi í sílẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí Jẹ́jẹ́ bá fẹ́ wọ yàrá yẹn, ó máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà burú, ṣọ́ọ̀bù kún. Jẹ́jẹ́ ti pa ọṣẹ sí irùngbọ̀n oníbàárà kan, ó ti gbé abẹ sí i lágbọ̀n. Fóònù dún. Aránṣọ tó ń gbé ilé kejì ni, ẹni tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá wọn.

“Jẹ́jẹ́, o ò ṣe dáadáa o. Mo kí ọ, o ò dáhùn.”

“Níbo, Ìyá?”

“Nínú àgbàlá níbí. Tí o mú Bàbá lọ́wọ́ jáde. Inú mi dùn bí mo ṣe rí wọn tí wọ́n ń rìn, mo ní ẹsẹ̀ Bàbá ti yá! O wá fi wọ́n sílẹ̀ nínú oòrùn, o bá tìrẹ lọ. Ṣé kí n fún wọn lómi ni?”

Jẹ́jẹ́ wo ara rẹ̀ nínú dígí. Abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ń wò ó.

“Ìyá,” ni ó wí, “ẹ má kúrò lọ́dọ̀ wọn.”

Ó sáré. Ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Àwọn tó rí i lójú pópó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀.

Bàbá wà nínú àgbàlá lóòótọ́, lórí àga rẹ̀, aṣọ ìbora ní èjìká. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Aránṣọ dúró tì í pẹ̀lú ife omi. Nígbà tó rí Jẹ́jẹ́ tó ń tojú pópó bọ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó wo ilẹ̀kùn ilé, ó wo Jẹ́jẹ́, ó tún wo ilẹ̀kùn ilé. Ife já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ wọlé. Ilẹ̀kùn yàrá Bàbá ṣí sílẹ̀. Fèrèsé tí ọ̀dà ti lẹ̀ pa náà ṣí sílẹ̀, èèpo ọ̀dà fọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti inú fíríìjì, ohun kan ń ké sìì, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti wò ó. Bí orí rẹ̀ ṣe sún mọ́ ilẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ta á, òòyì kọ́ ọ, àyà rẹ̀ há bí ẹni tí wọ́n jókòó lé. Ó sé èémí, ó na ọwọ́ wọlé, ó ti orí sìlíńdà pa, ó sì fi ọwọ́ àti eékún wọ́ jáde.

Rọ́bà gáàsì ti sán. Òtútù ló mú un le tó fi là.

Onígáàsì dé nírọ̀lẹ́. Ó tan àbẹ́là, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iná náà kéré sí i, ó kéré sí i. Kó tó kan ilẹ̀, ó kú. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ti wà ní ṣíṣí láti ọ̀sán o. Ọkùnrin náà nàró.

“Ta ló wà nínú yàrá yìí?”

“Bàbá. Àkókò tó máa ń sùn ni.”

“Ta ló wá gbé e jáde?”

Jẹ́jẹ́ wo ojú fèrèsé. Onígáàsì wo bẹ́ẹ̀dì kúkúrú náà. “Ẹ dúpẹ́,” ni ó wí. “Ẹni yòówù kó jẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú oorun ni wọn ì bá gbà lọ.”

Àwọn oníbàárà jẹ́rìí sí i pé Jẹ́jẹ́ kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà kí fóònù tó dún, àní kò jáde lọ tọ̀. Aránṣọ búra pé òun rí i kedere. Títí dòní, òun àti àwọn oníbàárà kì í yéé jiyàn lórí rẹ̀ tí wọ́n bá pàdé.

Jẹ́jẹ́ gbé sìlíńdà síta, ó lu ògiri, ó fi rọ́bà tuntun gba ibẹ̀ wọlé. Fèrèsé kò tún padé mọ́. Aṣọ ìbora méjì ni Bàbá ń fi sùn, kò sì ráhùn. Ẹnikẹ́ni kò tún bu ọtí fún un lọ́sàn-án. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń bù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, ògiri ló ń dì mú. Láàárọ̀, kí Jẹ́jẹ́ tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń dúró díẹ̀ nínú yàrá náà. “A dúpẹ́ o,” ni ó máa ń wí. Kò mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí bó bá ń sọ ọ́.

Oṣù mélòó kan kọjá kó tó lè béèrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi ni. Ó ń fá irùngbọ̀n Bàbá nínú àgbàlá, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀.

“Bàbá, lọ́jọ́ yẹn. Ṣé kò sọ nǹkan kan?”

Bàbá pa ojú dé.

“Ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.”

“Kí ló sọ?”

“Ó ní, ‘Dìde, ọmọ mi.’”

Jẹ́jẹ́ gbé abẹ kúrò lọ́rùn rẹ̀.

“Ẹ fẹ́ sọ pé, ‘Ẹ dìde, Bàbá.’”

“‘Dìde, ọmọ mi.’ Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ojú rẹ yìí náà ló fi ń wò mí.”

“Ẹ ò sì bínú?”

“Mo fẹ́ bínú. Mo fẹ́ bi ọ́ pé ìgbà wo lo di ẹgbẹ́ mi.” Bàbá la ojú. Ọṣẹ ṣì wà lágbọ̀n rẹ̀, funfun. “Àmọ́ ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti pè mí bẹ́ẹ̀. Ni mo bá dìde.”